Bí a ṣe ń fọwọ́ ara ẹni di ọta .243 fún ọdẹ àgbọ̀nrín

Ọmọ ọdẹ ni mí. Ṣakabùlà ni bàbá mi fi ṣọdẹ ní Òkè-Ògùn, ojú àti àtẹ́lẹwọ́ sì ni òṣùwọ̀n wọn. Wọ́n á da ẹ̀tù sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á wò ó fínnífínní, wọ́n á dà á sẹ́nu ìbọn, wọ́n á fi ọ̀pá kì í, ó tán. Nígbà tí mo dé Texas tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ọta fúnra mi, àtẹ́lẹwọ́ yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí mo ní láti gbàgbé. Ẹ̀tù dúdú tí bàbá mi lò àti ẹ̀tù òde òní tí kì í rú èéfín kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Bí ẹnì kan bá bu ẹ̀tù òde òní sínú ṣakabùlà níwọ̀n tó máa ń bu ti àtijọ́, ìbọn náà lè fọ́ mọ́ ọn lójú. Nínú iṣẹ́ yìí, ohun tí a kò bá wọ̀n, a kò mọ̀ ọ́n.

Mo kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbi tí òfin ti gbà á, tí ẹ sì ti mọ ìbọn yìn. Ọta ìbọn gígùn tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ .243 íńṣì ni mo ń sọ. Ohun mẹ́rin ló para pọ̀ di odidi rẹ̀: kòròfo, ìyẹn ilé idẹ rẹ̀; práímà, ohun kékeré tó ń tanná ní ìdí kòròfo; ẹ̀tù inú rẹ̀; àti ọta gan-an tó ń fò jáde lẹ́nu ìbọn. Ọta náà la sì máa ń pe gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mi ò ní sọ iye ẹ̀tù tí ẹ máa bù. Ìwé atọ́nà tí ilé iṣẹ́ tó rọ ọta yín tàbí tó ṣe ẹ̀tù yín tẹ̀ jáde ló ni ìyẹn, ẹ má gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ èmi.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń di ọta fún ìlò ara rẹ̀. Tó bá di òwò, ọ̀rọ̀ yí padà: òfin ìbọn ọdún 1968 ní kí ẹni tó ń ṣe ọta tà gba láìsẹ́nsì. Nítorí náà, ẹ má di ọta fún ọ̀rẹ́ kí ẹ sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò mọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò jẹ́ kí ẹni tó wọ ìlú pẹ̀lú físà onígbà díẹ̀, bíi ti akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àlejò, ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi tó bá wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Ẹni tó ní láìsẹ́nsì ọdẹ tí ìpínlẹ̀ kan fún un wà lára wọn. Ẹni tó ní gíríìn káàdì kò sí nínú ìkàléèwọ̀ yìí. Ẹ yanjú èyí kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, torí ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n àti ìdápadà sílé ni. Ní Texas, ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ ọdẹ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òfin àgbọ̀nrín ọdún 1991 ní ihò ìbọn tí a ó fi pa àwọn àgbọ̀nrín tó tóbi kò gbọdọ̀ kéré sí .240 íńṣì, agbára ọta lẹ́nu ìbọn kò sì gbọdọ̀ dín sí 1,700 foot-pounds. Ẹ wò ó, pẹ́ńpẹ́ ni .243 fi kọjá ààlà yẹn. Bí ẹ bá di ọta tí kò lágbára tó, ẹ lè wà lábẹ́ òfin ní ti ihò kí ẹ sì rú òfin ní ti agbára.

Ní Nàìjíríà, òfin kò fún aládàáni láyè láti máa ṣe ọta nílé. Ẹ má gbé ìmọ̀ yìí lọ sílé lọ fi dánra wò.

Kí ló dé tó fi jẹ́ .243?

Ọdún 1955 ni ilé iṣẹ́ Winchester gbé e jáde. Kòròfo ọta .308 ni wọ́n mú, wọ́n sì fún ọrùn rẹ̀ pọ̀ kó lè di ọta tó jẹ́ mílímítà 6 mú. Nítorí bẹ́ẹ̀, kòròfo ńlá ló wà lẹ́yìn ọta kékeré. Ọta 100 gíréènì (òṣùwọ̀n ìwúwo tí a fi ń wọn ọta àti ẹ̀tù) tí wọ́n ń tà lọ́jà sábà máa ń jáde lẹ́nu ìbọn ní nǹkan bí 2,960 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ ìbọn náà kì í gbá èèyàn léjìká bíi ti .308. Ìyàwó mi tí kò fẹ́ gbọ́ ìró ìbọn rí ló ń yin tiwa báyìí láìṣẹ́jú. Ẹni tí ẹ̀rù ìbọn kò bà ni ọta rẹ̀ ń lọ síbi tó wò, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ìbọn ńláńlá lọ fún àgbọ̀nrín ìrù funfun.

Ohun èlò

Ẹ̀rọ ìtẹ̀ alápá kan tó tó fún ọta kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ rà. Ẹ má tíì wo èyí tó ń ṣe márùn-ún pọ̀. Ó yára, àṣìṣe inú rẹ̀ náà sì yára. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ra dáì méjì fún .243 (ọ̀kan ń dá kòròfo padà sí ìwọ̀n rẹ̀, èkejì ń ti ọta wọlé), òṣùwọ̀n gíréènì pẹ̀lú òkúta ìdánwò rẹ̀, kálípà (ohun ìwọn gígùn), ohun ìgé kòròfo, ohun ìfá etí rẹ̀, ohun ìtẹ práímà, àrọ kékeré, pátákó oníhò 50, àti ìgò ojú tó ń dáàbò boni. Ìwé atọ́nà méjì ló dára, kì í ṣe ẹyọ kan, kí ẹ lè fi ọ̀kan wo èkejì. Bí wọ́n bá ta kora, èyí tó kéré jù ni kí ẹ tẹ̀lé.

Gbogbo ìwé wọ̀nyí ń lo gíréènì. 7,000 gíréènì ló wà nínú pọ́n-ùn kan, nítorí náà gíréènì kan kò tó ìdá mẹ́wàá gíráàmù. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí ojú bá ń sọ fún yín pé "díẹ̀ náà ni."

Kòròfo

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ máa ń sáré débi ẹ̀tù. Èmi sọ pé ibi kòròfo ni iṣẹ́ wà. Idẹ yìí ló ń dí ẹ̀yìn ìbọn nígbà tí iná bá tàn, òun ló dúró láàárín ojú yín àti agbára tó lè tó 60,000 pọ́n-ùn lórí íńṣì onígun mẹ́rin kan. Iye yẹn ni àjọ SAAMI, tó ń fi òdiwọ̀n lélẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ìbọn ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1926, fi ṣe òpin fún .243.

Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo kòròfo tí ẹ máa dì pa pọ̀ ti wá. Ògiri kòròfo kan lè nípọn ju ti òmíràn lọ, kí inú rẹ̀ sì kéré sí i. Ẹ̀tù kan náà nínú ilé tó kéré yóò gbóná ju nínú ilé tó tóbi lọ. Ẹ yẹ̀ ọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ iná: ọrùn tó sán, ihò práímà tó ti fẹ̀, àti èyí tó léwu jù, ìlà tó ń dán bí òrùka yípo kòròfo, díẹ̀ sókè ìdí rẹ̀. Ìlà yẹn ń sọ pé idẹ ti ń fà nínú, ó sì ń gbèrò láti já. Ẹ tẹ orí wáyà kékeré kan bí ìwọ̀, kí ẹ fi ha inú kòròfo láti ìdí bọ̀ wá sókè. Bí wáyà bá kọ́ sí kòtò, ẹ fi pílíásì tẹ kòròfo náà pa kí ẹnikẹ́ni má bàa tún lò ó, kí ẹ sì jù ú nù.

Ẹ má jẹ́ kí kòròfo .308 wà lórí tábìlì nígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ .243. Ìdí kan náà ni wọ́n ní, ojú tó rẹ̀ lè má dá wọn mọ̀.

Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà ẹ fi òróró ìtẹ̀ kùn ún, kí ẹ tó tì í sínú dáì tó ń dá a padà sí ìwọ̀n. Òróró yìí ló kọ́kọ́ fìyà jẹ mí. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo rò pé mo lè fi ìwọ̀nba díẹ̀ ṣe ọ̀pọ̀, kòròfo kẹrin há sínú dáì gbagidi, mo fà á títí etí ìdí rẹ̀ fi já. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá ohun tí mo fi yọ ọ́. Ní ìdàkejì, bí òróró bá pọ̀ lórí èjìká kòròfo, kò níbi tí yóò gbà, yóò tẹ idẹ náà wọ inú, ẹ ó sì rí kòtò lára rẹ̀. Ara ni kí ẹ fi òróró pa, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kì í ṣe èjìká. Ẹ nù ún kúrò pátápátá lẹ́yìn náà.

Fún ọdẹ, gbogbo ara kòròfo ni mo máa ń dá padà, kì í ṣe ọrùn nìkan, nítorí ọta tó ń ha nínú ìbọn nígbà tí àgbọ̀nrín dúró síwájú yín kò wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ má ti èjìká sẹ́yìn jù. Ẹ ṣe dáì títí kòròfo yóò fi wọ ìbọn yín láìha, kí ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀meji nínú ẹgbẹ̀rún íńṣì ló tó. Ẹni tó bá ń tì í jù lójoojúmọ́ ló ń dá òrùka tó ń dán yẹn sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ fi kálípà wọn gígùn rẹ̀. Kò gbọdọ̀ kọjá 2.045 íńṣì. Èyí tó bá gùn jù, ẹ gé e dé 2.035. Kòròfo tó gùn jù yóò fi etí gún iwájú ihò ìbọn, yóò fún ọta mọ́ra, kò ní jẹ́ kó lọ, agbára yóò sì ga lójijì. Ẹ fá etí rẹ̀ nínú àti lóde kí ó má bàa ha ara ọta.

Práímà

Práímà ńlá ti ìbọn gígùn ni .243 ń lò. Ti ìbọn ìléwọ́ fẹ̀ tó o, ó lè wọlé, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù fún agbára yìí. Ẹ ka orúkọ ara páálí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín gbẹ, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ nínú páálí tó bá a wá. Kí ẹ má dà á sínú ìgò láéláé: ọ̀kan tó bá tanná lè tan gbogbo ìyókù pọ̀. Ẹ wọ ìgò ojú.

Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ fi ìka ra ìdí kòròfo. Práímà gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ojú idẹ. Èyí tó bá yọ sókè léwu, nítorí ìdí ìbọn lè tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó ṣetán. Bí práímà kan bá wọ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ má fi òòlù àti ìṣó lé e jáde. Ẹ gbé kòròfo náà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ bi ẹni tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́.

Ẹ̀tù

Agolo ẹ̀tù kan ṣoṣo lórí tábìlì. Òfin ilé mi nìyẹn, mi ò rú u rí. Bí iṣẹ́ bá tán, ẹ da ìyókù padà sínú agolo tó ti wá, kí ó má sùn sínú òṣùwọ̀n mọ́jú, nítorí lọ́la ẹ kò ní rántí irú èyí tó jẹ́, ẹ̀tù méjì sì lè jọra bí ìbejì kí ọ̀kan máa jó bí iná ìkòkò, kí èkejì máa jó bí iná pápá. Ẹ̀tù tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́, ẹ má lò ó.

Fún .243 pẹ̀lú ọta tó wúwo, àwọn ẹ̀tù tó ń jó díẹ̀díẹ̀ ni ìwé sábà máa ń yàn, bíi H4350, IMR 4350 tàbí H4831. Mo fẹ́ràn wọn fún ìdí mìíràn: wọ́n ń kún kòròfo. Bí ẹ bá gbàgbé tí ẹ tún bu ẹlẹ́ẹ̀kejì sí i, yóò dà sílẹ̀, ẹ ó rí i. Ẹ̀tù ìbọn ìléwọ́ tó ń jó kíákíá lè wọ kòròfo lẹ́ẹ̀mejì kí ó má hàn rárá, ó sì lè fọ́ ìbọn. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ iṣẹ́ yìí.

Ẹ fi òkúta ìdánwò dán òṣùwọ̀n wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti ní àárín iṣẹ́. Ẹ pa fáànù. Ní Houston níbi tí mo ń gbé, ooru máa ń jẹ́ kó nira láti pa ẹ̀rọ amúlétutù, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó láti mú òṣùwọ̀n purọ́, nítorí náà òwúrọ̀ kùtùkùtù ni mo máa ń ṣe é. Ẹ pa fóònù pẹ̀lú. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Ìbàdàn nígbà tí mo wà láàárín pátákó; mo dáhùn, a sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, mo padà sídìí iṣẹ́. Nígbà tí mo fi tọ́ọ̀ṣì wo inú kòròfo, méjì ló ṣófo. Ká ní mo ti ti ọta sí wọn ni, práímà nìkan ì bá ti ọta dé àárín ọ̀pá ìbọn, kí ó há síbẹ̀, kí èyí tó tẹ̀lé e sì wá bá a.

Nítorí náà, ẹ bu ẹ̀tù sí gbogbo ihò pátákó, ẹ má tíì ti ọta kankan. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹ̀tù dé gbọ́dọ̀ bára mu. Èyí tó bá yàtọ̀, ẹ dà á padà kí ẹ tún un wọ̀n. Mo máa ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kejì láti ìdí pátákó wá sí orí rẹ̀, kí ojú má bàa mọ́ra.

Ní ti iye, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iye ìbẹ̀rẹ̀ tí ìwé kọ fún ọta yín gan-an àti ẹ̀tù yín gan-an. Níbi tí ó bá jẹ́ òpin nìkan ni ìwé kọ, ẹ yọ ìdá mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Òpin inú ìwé kì í ṣe ibi tí à ń lọ. Ìbọn mìíràn kò ní dé ibẹ̀.

Ọta

Fún àgbọ̀nrín, 90 sí 100 gíréènì, irú èyí tí ń ṣí bí òdòdó nínú ẹran. Ọta 55 gíréènì wà fún eku ilẹ̀ àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Tó bá kan egungun èjìká àgbọ̀nrín yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́, ẹran yóò sì sá lọ kú síbi tí ẹ kò ní rí i. Ìyẹn ìwà ìkà ni, ọdẹ kan kò gbọdọ̀ ṣe é. Ní California, láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2019, òjé kò sí nínú ọta ọdẹ mọ́, bàbà ni wọ́n ń lò. Bàbà fúyẹ́ ju òjé lọ, nítorí náà ọta bàbà máa ń gùn ju ti òjé tí wọ́n jọ wúwo bákan náà. 80 tàbí 85 gíréènì rẹ̀ tó fún iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ìbọn .243 ni ìlà inú ọ̀pá rẹ̀ ń yí lẹ́ẹ̀kan nínú íńṣì 10, kò sì lè mú ọta tó gùn jù dúró ṣinṣin.

Ẹ ti ọta wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n, títí gígùn gbogbo rẹ̀ yóò fi dé iye tí ìwé kọ fún ọta yẹn. 2.710 íńṣì ni òpin òdiwọ̀n. Bó bá gùn jù, ọta yóò fara kan ìlà inú ọ̀pá, agbára yóò fò. Bó bá wọlé jù, ilé ẹ̀tù yóò kéré, agbára yóò tún ga. Fífún ọrùn kòròfo mọ́ ọta kò pọn dandan fún ìbọn yìí.

Pápá ìdánwò

Ẹ di mẹ́ta ní iye ìbẹ̀rẹ̀, mẹ́ta míì pẹ̀lú àfikún ìdajì gíréènì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà sí ara wọn. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti máa yìn ín lọ, ní 100 yáàdì, lórí ìdúró tó le. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé kòròfo kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí ìbọn bá ń le láti ṣí, bí práímà bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ tí etí rẹ̀ kò hàn mọ́, bí àmì tó ń dán bá wà lára ìdí idẹ, ẹ dúró. Ẹ má yin èyí tó kù, kódà bí ẹ kò tíì dé òpin inú ìwé. Ẹ gbé wọn lọ sílé, ẹ tú wọn.

Bí ìbọn bá dún "pọ́ọ̀" tí kò gbá yín léjìká, ẹ má fa ohunkóhun mọ́. Ẹ tú ìbọn sílẹ̀, ẹ wo inú ọ̀pá láti ẹ̀yìn kí ẹ tó tún kì í. Bó bá dún "kẹ́ẹ̀" lásán, ẹ kọ ẹnu ìbọn sí pápá fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán kí ẹ tó ṣí i. Iná lè máa bọ̀ lẹ́yìn.

Nínú àwọn tó kù láìsí àmì ewu, èyí tí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ sún mọ́ra jù ni kí ẹ yàn, kì í ṣe èyí tó yára jù. Àgbọ̀nrín kò mọ ìyàtọ̀ 50 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ gbé ojú ìbọn sókè kí ọta lu nǹkan bí íńṣì 2 sókè àmì ní 100 yáàdì. Yóò padà bá àmì ní tòsí 200.

Ẹ má gbàgbé ooru. Àwọn ẹ̀tù kan máa ń gbóná sí i nígbà tí ọta bá ti jókòó nínú oòrùn. Ohun tí ẹ dánwò ní òwúrọ̀ tútù lè ṣe bí ẹlòmíràn lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀ tí a ti pa ní oṣù Kẹjọ.

Àpótí àti ìwé

Ara àpótí kọ̀ọ̀kan ni mo ti ń kọ ọjọ́, irú ọta àti ìwúwo rẹ̀, irú ẹ̀tù àti iye gíréènì, irú práímà, gígùn gbogbo rẹ̀, àti iye ìgbà tí a ti di kòròfo yẹn. Ọta tí kò ní àkọlé, mo máa ń tú u ni. Ẹ̀tù kò sí nínú àpótí irin tí a há pa. Inú agolo rẹ̀ ni, níbi tó tutù, tó gbẹ, tọ́mọdé kò lè dé. Mi ò ní ju 20 pọ́n-ùn nílé, òdiwọ̀n tí ìlànà ààbò iná Amẹ́ríkà sábà máa ń fi lélẹ̀ fún ilé gbígbé.

Ní Texas, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá ni àsìkò ọdẹ ìbọn fún àgbọ̀nrín máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, mo máa ń gbé ogún ọta tí mo ti yà sọ́tọ̀ lọ sí pápá ìdánwò, màá kọ ẹnu ìbọn sí òkìtì, màá sì ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé kí n tún yọ ọ́ jáde. Èyí tó bá ha, kò bá mi lọ sínú igbó. Lẹ́yìn ọdẹ, kòròfo tí mo bá yìn máa ń padà sínú àpótí rẹ̀, màá pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́, màá sì kọ tuntun. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ti di 4.